Kọ́kọ́rọ́ Tí Kúlísúmù Fi Sínú Àpótí Ẹbí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ̀rọ̀ Kúlísúmù fún yín. Ọ̀rẹ́ mi ni, ibi iṣẹ́ kan náà la sì wà ní Festac. Èmi Olúwafúnmilọ́lá ni mò ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Òun wà nínú yàrá tútù tí àwọn téèpù wà. Ilé iṣẹ́ wa ń bá àwọn èèyàn tọ́jú àkọsílẹ̀ sórí téèpù. Kí téèpù tó gun pẹpẹ, kọ̀ǹpútà á ti da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rú pátápátá, débi pé ẹni tó bá jí i, pàǹtí ló jí. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi tì í nìkan ló lè tò ó padà. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún kì í ṣe irin o! Lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ báyìí ni, wọ́n á kó o sínú fíláàṣì kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Kúlísúmù ló ti ń tọ́jú wọn láti ọdún mọ́kànlá.

Obìnrin yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń da nǹkan nù. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Agboju, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ tí wọ́n tà kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀ ló ti jáde wá. Bó o bá bi í pé kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n ti wó ṣe, á ní, "Ta ló mọ̀la?" Mo bú u títí, ó sú mi.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni Lilian di ọ̀gá wa, ọmọ Ìbò tó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. Ó ní ká ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, ká pa ti àtijọ́ rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, nítorí ẹni tó bá ti pààrọ̀ àgádágodo kì í kó kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kiri. Kúlísúmù ní, "Mà, àwọn téèpù àtijọ́ ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ la fi tì wọ́n o." Lilian ní kò sóhun tó kàn án. Odindi ọjọ́ kan ni Kúlísúmù fi ṣe iṣẹ́ náà, kò jáde kúrò nínú yàrá tútù.

Lóṣù tó kọjá, omi òjò ba kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn aláboyún kan jẹ́. Wọ́n wá béèrè ìwé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 2016. A ki téèpù bọ ẹ̀rọ, pàǹtí ló pọ̀ jáde. Lilian yíjú pa dà, ó ní, "Kúlísúmù, kọ́kọ́rọ́ dà? Bí n ò bá rí i títí Ọjọ́bọ̀, ìwọ àti iṣẹ́ yìí ti pínyà." Àbí ẹ ò rí nǹkan! Mo fẹ́ fún un lésì, Kúlísúmù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Níta ló ti sọ fún mi pé ẹ̀dà kan wà. Ọ̀gá wa àná ló ní kó fi ẹ̀dà kan sí ìta ọ́fíìsì, níbi tí iná ò ti lè jó o, tí olè ò sì lè dé.

"Ibo lo wá fi sí?"

"Àpótí ẹbí wa ni."

Mo ní, "Yéè! Kúlísúmù, o pa ara ẹ!"

Àgádágodo mẹ́ta ló wà lára àpótí yẹn. Ìdí igi mẹ́ta ló wà nínú ẹbí wọn, ìdí kọ̀ọ̀kan ló sì mú kọ́kọ́rọ́ kan. Àfi kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kó tó ṣí, ohun tó bá sì jáde níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e títí á fi padà. Olè kankan ò lè ṣí i. Kúlísúmù gan-an ò lè ṣí i! Bọ̀dá Akọ́ládé àti Bàbá Sùlàímọ́nù tí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ méjì ò janpata, ó ku Màmá Hameedah tó mú ìkẹta. Ọjọ́ fìdáù ọkọ màmá yìí gan-an ni Kúlísúmù wà nínú yàrá tútù tó ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Kò yọjú. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló fi kí i lórí fóònù! Màmá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin! Láti ìgbà náà, màmá ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́rú, a bá màmá níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Kúlísúmù kúnlẹ̀ gbì.

"Ta nìyẹn?" Kò gbójú sókè.

"Èmi Kúlísúmù ni, mà."

"Mi ò mọ Kúlísúmù kankan."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ ṣàánú mi. Téèpù kan ò ṣí níbi iṣẹ́ wa, inú àpótí ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Iṣẹ́ mi ló fẹ́ bọ́."

"Iṣẹ́ tó o torí ẹ̀ pa Àlàájì tì?"

Màmá ṣa ẹ̀wà yẹn tán, ó tún ṣa á lẹ́ẹ̀kejì. Orúnkún ń ro èmi tí mo wà ní ìdúró. Nígbà tó yá, ó bi mí pé kí ló wà nínú téèpù ọ̀hún. Mo ní ìwé àwọn ọmọ tuntun ni. Ó tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró rẹ̀. "Torí àwọn ọmọ ni mo ṣe ń lọ o. Kì í ṣe torí ẹ."

Wọ́n ṣí àpótí. Fíláàṣì wà nínú ọ̀rá lábẹ́ àwọn ìwé ilẹ̀. Màmá mú un dání fúnra rẹ̀, ó bá wa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwà, kò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ títí a fi dé Festac. Orí àga Lilian ló jókòó sí. Nígbà tó wọ yàrá tútù, ó ní, "Ṣé òkú lẹ̀ ń tọ́jú síbí ni?"

Ẹ̀rọ kùn, kùn, kùn. Lójijì, orúkọ àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tò wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Lilian pariwo, èmi jó. Màmá ní kí wọ́n gbé téèpù yẹn wá kí òun wò ó. Kúlísúmù fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Màmá yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ohun tó o torí ẹ̀ ò wá síbi àdúrà ọkọ mi nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Kékeré báyìí."

Kúlísúmù tí kò sunkún nígbà tí wọ́n fẹ́ lé e níṣẹ́, ó bú sẹ́kún gbà-à. Màmá jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló gba fíláàṣì, ó kó o sétí ìró, ó sì ta á ní kókó.

"Ó yá, sìn mí délé. Wàá kọ́kọ́ ṣàdúrà fún Àlàájì ká tó ti àpótí."

Lilian la ẹnu pé ti ilé iṣẹ́ ni fíláàṣì. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.