Màmá Tó Tọrọ Omi ní Ọ́fíìsì Wa

Tí mo bá purọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí n má jẹ èrè iṣẹ́ mi. Ojú mi ló ṣe, ọ̀sán gangan sì ni.

Iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn sìnkú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Karu, Abuja níbí. Àwọn kan máa ń san owó ìsìnkú ara wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá kú, ẹni tí wọ́n dárúkọ sílẹ̀ nìkan ló lè mú ìwé ẹ̀rí ikú wá bá wa, ìsìnkú nìkan la sì lè fowó náà ṣe. Òfin ni.

Lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ni mo wà níbi iṣẹ́. Màmá kan wọlé, wọ́n jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi. Mo gbé piọ́ wọ́tà kan fún wọn. Mi ò tíì bi wọ́n pé kí ni wọ́n bá wá tí bàbá kan fi wọlé.

Bàbá yìí ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun tó sanwó sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ti kú. "Ilé la máa gbé e lọ. Dá owó náà padà fún mi, ọmọ mi. Mọ̀lẹ́bí ló ni òkú."

Mo mọ̀ pé ọmọ olóògbé ni wọ́n dárúkọ sílẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa? Bí bàbá yìí ṣe gbọ́ pé Ìlá ni mo ti wá, ó ní ará ilé lòun náà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Orí mi wú. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, fóònù lọ́wọ́, mo fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí i.

Ni ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ létí mi: "Dìde. Ọmọ mi ni kó sin mí."

Mo wẹ̀yìn. Kò sí Màmá lórí àga. Piọ́ wọ́tà náà wà níbẹ̀, omi inú ẹ̀ ti tán, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó já etí ẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́ o.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọn wá." Ó fìbínú jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà dé, télọ̀ ni, ojú ẹ̀ ti wú fún ẹkún. Bàbá yẹn ti sọ fún un pé òun ti gbowó náà, kò sì ní nǹkan míì tó lè fi sin ìyá ẹ̀. Ó fi fọ́tò wọn hàn mí. Màmá àná ni, tòun ti gèlè tí wọ́n wé wá.

Abuja níbí ló sin wọ́n sí, nítòsí ara ẹ̀, bí wọ́n ṣe fẹ́. Ká ní mo ti fowó yẹn ránṣẹ́ ni, kí lọmọ yẹn ì bá ṣe? Èmi náà ì bá ti dèrò ẹ̀wọ̀n. Màmá, mo dúpẹ́. Ẹ ò mọ̀ mí rí, ẹ sì ṣàánú mi.

Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kí piọ́ wọ́tà wọ́n lórí àga yẹn. Nígbà míì, mo máa ń bá a lófìfo, etí ẹ̀ ò já. Mi ò mọ̀ bóyá Màmá náà ni, àbí olóògbé míì ló ń wá ṣọ́ owó tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yà lọ́dọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó síbẹ̀.