Ẹ̀rọ Tó Ń Fa Afẹ́fẹ́ Kúrò Lára Ẹran

Ìyàwó Ọdẹ ni wọ́n ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdẹ ti sun oorun ikú. Itan àgbọ̀nrín tí ọkọ rẹ̀ pa kẹ́yìn wà nínú fìrísà, yìnyín sì ti ń jẹ ẹ́ lára. Ó ti pinnu pé ẹran náà kò ní bàjẹ́ títí ọmọ wọn obìnrin yóò fi ti òkè òkun dé wá jẹ nínú rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti ra ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú náílọ́ọ̀nù ẹran, kí yìnyín má bàa ráyè wọ̀ ọ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sè é jàre!”

“Ọ̀fun ẹ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.”

Ọlọ́jà fi bisikíìtì inú náílọ́ọ̀nù dán ẹ̀rọ kékeré kan wò. Ó fa afẹ́fẹ́ tán, náílọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ìyàwó Ọdẹ yọ ẹran tútù tó gbé wá láti ilé jáde nínú báàgì rẹ̀.

“Bisikíìtì kọ́ lọkọ mi ń pa. Fi èyí dán an wò.”

Omi ẹran ṣàn dé ẹnu náílọ́ọ̀nù, kò sì lẹ̀ mọ́. Ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín, ó gbé èyí tó ní bọ́tìnì ẹran olómi wá. Ìyẹn lẹ̀ dáadáa.

“Èyí ni mo fẹ́. Yìnyín ò ní jẹ ẹran ọkọ mi mọ́.”

Àbúrò rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà wò. “Ó mà wúwo o! Ta ló máa gbé e?”

“Ìwọ tó o fẹ́ jẹ ẹran.”