Ọkọ Tí Kò Lè Pè Mí Ní Ìwọ

Ẹni tí kò bá tíì wá ilé rí lágbègbè Ìbàdàn, kó má tíì máa sọ pé òun mọ èèyàn. Mo wá ilé fún oṣù mẹ́ta gbáko nígbà tí àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo sì rí oríṣiríṣi onílé. Bí Ọlọ́run bá ń gba owó ilé lọ́wọ́ wọn láyé yìí bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ wa, títì ni púpọ̀ nínú wọn ì bá máa sùn. Mo mọ̀ pé àgbà ni wọ́n, ó sì yẹ kí n máa kọ “wọ́n” fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. N kò ní í kọ ọ́. “Ó” ni wọn yóò jẹ́ níhìn-ín, ẹni tí inú bá bí kó máa bínú.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí kan lọ́nà Mọ́níyà. Èmi àti àwọn ọmọbìnrin mi méjì ń gbé yàrá méjì ní Ọ̀jọ́ọ̀. Bàbá wọn ti bá obìnrin mìíràn lọ sí òkè Ọya láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, n kò sì wá a. Lọ́jọ́ kan, onílé wa pe gbogbo àyálégbé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní owó ilé ti di ìlọ́po méjì. A bi í pé kí ló dé. Ó ní sìmẹ́ńtì ti wọ́n.

Sìmẹ́ńtì! Ilé amọ̀ ni ilé náà, ìyá mi kò tíì mọ bàbá mi nígbà tí èèyàn ti ń gbé inú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo tó wà lára rẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, ìyẹn náà sì ti ń jábọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Ẹnìkan nínú wa rán an létí. Ó ní dọ́là náà ti gbówó lórí. Ọkùnrin tí kò rí dọ́là sójú rí láyé rẹ̀! Mo ní tí gàrí bá wọ́n, owó ilé á lọ sókè, tí epo kẹrosíìnì bá wọ́n, á lọ sókè, tó bá di ọjọ́ tí gàrí bá pọ̀, ṣé owó ilé á wá sọ̀ kalẹ̀? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. N kì í mọ bí a ti ń pa ẹnu mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo gba ìwé pé kí n kó jáde, ó fún mi ní oṣù mẹ́ta.

Bí oṣù mẹ́ta náà bá pé tí n kò ríbi kan, àfi kí n kó àwọn ọmọ lọ sí ilé bàbá mi ní abúlé wa ní Lágelú, kí n jókòó síbẹ̀ bíi dálémosú tí ilé ọkọ kò gbà. Kò sí ọkọ̀ tó ń tètè jáde níbẹ̀. Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ mi sì ń múra ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama. Ẹ̀rù bà mí gan-an ni, mo kàn ń fi ìbínú bò ó.

Ajẹ́ńtì kan mú mi lọ sí Ṣáṣá. Owó ìrìnnà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ san, nítorí ajẹ́ńtì kì í gbé ẹsẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní sẹ́fù-kọntéènì ni ilé náà, ìyẹn ilé tí ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo bi í pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dà, ó na ọwọ́ sí igbó kan lẹ́yìnkùlé.

“Ṣebí ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa lò ó, màdáàmú,” ló wí.

Fèrèsé ilé náà kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń já tòmátì sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ tó bá ti òkè Ọya dé. Èyí tó bá ti jẹrà, abẹ́ fèrèsé náà ni wọ́n ń dà á sí. Mo fi ọwọ́ bo imú. Onílé ní kí n fọkàn balẹ̀, pé n kò ní í ra ata mọ́, èyí tó bá já bọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ á tó ọbẹ̀ mi. Ó ti fi ìyẹn náà kún owó ilé.

Ti àdúgbò Adégbayì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, kò sì sí adùn nínú ẹ̀rín náà. Onílé ọ̀hún mú mi wọlé, ó ń júwe: ibí ni pálọ̀, ibí ni yàrá. Mo gbé ojú sókè, sánmà ni mo rí. Òrùlé kò sí. Ó ní kí n san ọdún méjì sílẹ̀, owó náà ni òun ó fi ra páànù. Wọ́n ní ẹni tó bá ní òun ó dáṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Mo wo ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé: páànù kan ti fò lọ lórí rẹ̀, òkúta ló fi tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Mo kí i pé ó dàbọ̀. Ó pariwo tẹ̀ lé mi pé àwọn tó ní sùúrù ti san tiwọn.

Àmọ́ gbogbo ìyẹn kéré. Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí kí wọ́n tó bi mí lórúkọ: ọkọ yín ńkọ́? Tí mo bá ti ní èmi nìkan ni, ojú wọn á yí padà. Ọ̀kan ní òun kò fẹ́ kí ọkùnrin máa wọlé máa jáde lóru. Ọ̀kan ní àwọn ìyàwó òun kò ní í gbà. Ọ̀kan, tí eyín ẹnu rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ní ẹ̀rù ń ba òun kí n má baà kó òun sínú ìdẹwò.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àkókò mi pé kí n tó rí ilé kan ní abúlé kan létí Mọ́níyà. Ẹsẹ̀ ni mo lè máa fi rìn dé ibi iṣẹ́ láti ibẹ̀. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú ilé ìdáná àti kànga tí wọ́n fi pákó dé. Ó ní òrùlé, òkè ni mo kọ́kọ́ wò. Owó rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n tí mo bá fún ara mi lọ́rùn, mo lè san án. Alhájì kan tó ń ṣòwò obì ló nilé. Ó bọ̀wọ̀ fún mi púpọ̀, “ìyáàfin” ló ń pè mí.

“Ọkọ yín ńkọ́, ìyáàfin?”

Mo ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

“Alhamdulilai. Ẹ ní kí wọ́n wá. Mi ò kí ń gbowó lọ́wọ́ obìnrin tí mi ò mọ ọkọ ẹ̀.”

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, télọ̀ ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú, ṣùgbọ́n ó síngbọnlẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ sì pọ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ wá á ní òun ni ẹ̀gbọ́n. Ó gbà láti bá mi ṣe ọkọ fún wákàtí kan. Ohun tí àwa méjèèjì kò rò ni ẹnu rẹ̀. Nílé bàbá wa, àbúrò kò gbọdọ̀ yájú sí ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ tó ti mọ̀rọ̀ sọ, “ẹ” ló ń pè mí. Ọkọ wo ló sì ń pe ìyàwó rẹ̀ ní “ẹ”? Mo mú un jókòó ní yàrá mi, mo ní kí n kọ́ ọ.

“Sọ pé, ‘Ìwọ, gbé omi wá.’”

“Ìwọ,” ó dákẹ́, ó gbé itọ́ mì, “ẹ gbé omi wá.”

“Èmi nìkan ni o! ‘Gbé omi wá.’”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n dìde lọ bu omi náà fúnra mi.”

Àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dùbúlẹ̀. Tèmi náà kò sàn. Èmi ló yẹ kí n máa kúnlẹ̀ fún un, kí n máa pe ọmọ tí mo pọ̀n ní “ẹ”, n kò sì lè ṣe é kí n má fi ẹ̀rín bà á jẹ́. Nígbẹ̀yìn, a fẹnu kò pé kò ní í sọ̀rọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ọkọ ni kì í bá ìyàwó wọn sọ̀rọ̀, làákàyè ni ayé ń pè é. Mo ní kó máa mi orí, kó sì máa ní “hùn-ún”.

Sátidé la lọ. Ó wọ agbádá oníbàárà kan tí kò tíì wá gba aṣọ rẹ̀. Èmi mú owó ọdún kan dání nínú báàgì. Alhájì gbé àga fún àbúrò mi, ó fi àpótí hàn mí. Òun ló kọjú sí tó ń sọ iye owó fún, òun ló ń sọ ọjọ́ tí a ó máa gbálẹ̀ fún, bí ẹni pé ó lè fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Àbúrò mi ní, “Hùn-ún.”

“Ọkùnrin gidi,” Alhájì wí. “Kì í sọ ìsọkúsọ.”

Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń wo ibi tí n ó gbé ibùsùn àwọn ọmọ sí. Ó mú wa lọ wo kànga, mo tẹ̀ síwájú kí n wo bí omi rẹ̀ ṣe jìn tó. Pákó tí mo tẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

“Yéè! Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ bọ́ sẹ́yìn!” Àbúrò mi fi ọwọ́ méjèèjì fà mí kúrò.

Alhájì dúró. Ìyàwó rẹ̀ àgbà, tó ti ń bẹ pákí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná láti ìgbà tí a ti dé, gbé orí sókè.

“Kí lo pè é?” Alhájì bi àbúrò mi.

Mo fi ojú sọ fún un pé kó dákẹ́. Kò dákẹ́. “Ìyàwó mi ni wọ́n, sà.”

“Wọ́n? Ìyàwó ẹ ni wọ́n?”

Ni àbúrò mi bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ etí kànga, tòun ti agbádá oníbàárà. “Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n pọ̀n mí dàgbà.”

Alhájì yíjú sí mi. “Ìwọ! O fẹ́ sọ ilé mi di ibi tí dálémosú ń sá pamọ́ sí? Jáde níbí!”

Mo gbọ́ “ìwọ” yẹn dáadáa. Mo ti rò pé èmi ni “ẹ” tó ń pè mí wà fún, fún iṣẹ́ mi, fún ọjọ́ orí mi, fún ìwé tí mo kà. Àṣé ọkọ tí n kò ní ló ń bọ̀wọ̀ fún. Mo ní owó tí mo mú wá, owó oṣù mi ni, kò lọ́kọ. Ó ní òun kò fẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀ nílé òun.

A rìn dé etí títì. Àbúrò mi ń nu ẹrẹ̀ lára agbádá, ó ń wí pé, “Ẹ foríjì mí, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí,” “ẹ” kan lórí òmíràn, ó kù díẹ̀ kí n gbá a létí. Mo rò ó nínú mi pé ì bá sàn kó jẹ́ kí n já sínú kànga náà, kó ṣáà ti pè mí ní ìwọ. Ohun tí mo rò nìyẹn nípa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀mí mi là, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Mo wá bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú àwọn ọlọ́kadà.

Ibẹ̀ ni ìyàwó àgbà Alhájì ti lé wa bá. Èèpo pákí ṣì lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀. Kò kí wa pẹ̀lẹ́.

“Obìnrin yìí, nu ojú ẹ. Mo ní yàrá méjì lódìkejì títì yìí. Owó gàrí mi ni mo fi kọ́ ọ, Alhájì ò lẹ́nu níbẹ̀.”

A tẹ̀ lé e. Àwọn yàrá náà kéré ju ti ọkọ rẹ̀ lọ, páànù ni ilẹ̀kùn wọn, ilé ìdáná kò sí. Mo bi í pé omi ńkọ́. Ó ní kànga Alhájì ni n ó máa pọn, pé á pariwo, á sì rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló dá owó lé e. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń gba náírà mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ti ìyá yìí.

“Ìyá,” mo ní, “ilé yín ò tó ti Alhájì. Kí ló dé tó fi wọ́n jù ú lọ?”

“Nítorí o ò ríbòmíì lọ,” ló wí. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. “Ta ló máa gbà ọ́?”

Nínú gbogbo onílé tí mo bá pàdé fún oṣù mẹ́ta yẹn, òun nìkan ni kò purọ́ fún mi nípa ìdí tí ilé rẹ̀ fi wọ́n. Mo ṣí báàgì mi. Owó tí mo kó wá san fún ọdún kan nílé ọkọ rẹ̀, oṣù mẹ́jọ ló rà fún mi nínú ilé tirẹ̀.