Òòfà Inú Rédíò Bàbá Mi

Ní ilé wa ní Ọ̀sì, orí pẹpẹ nínú yàrá ìyá mi ni rédíò bàbá mi wà, aṣọ funfun ni wọ́n dà bò ó. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Àṣà ìdílé wa ni. Ohun tí ọkùnrin bá fi sílẹ̀, ibi tó gbé e sí náà ni yóò wà títí ọdún yóò fi yí po, kí àwọn ẹbí tó jókòó pín in. Àdá rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ti dípẹtà. Bàtà oko rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn, amọ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn.

Mo wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, ní àwọn ọdún tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Àbúrò bàbá mi ló ń rán mi lọ. N kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Bí olùkọ́ bá bi mí ní ìbéèrè, mo lè mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ìwé mi ni n óò máa ṣí kiri. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa rẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Tíṣà, ẹ fi í sílẹ̀. Ó gbàgbé ahọ́n rẹ̀ sílé."

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa sọ fún wa pé a óò ṣe àfihàn ní ìparí táàmù, àwọn òbí yóò sì wá wò ó. Kò fẹ́ ohun tí a rà lọ́jà. Ó sì ṣe òfin kan fún wa: ẹni tó bá dúró nídìí tábìlì gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó ti rí gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀.

"Bí o bá mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, tí o kò lè sọ ibi tí o ti rí i," ó ní, "ìdajì iṣẹ́ lo ṣe."

Mo ní èmi yóò ṣe ti òòfà, irin tó ń fa irin mọ́ra. Olùkọ́ ti fi hàn wá rí: ó fi òòfà sábẹ́ bébà, ó wọ́n èérún irin sórí rẹ̀, ó sì fi ìka kan bébà náà díẹ̀díẹ̀. Èérún irin dìde, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí poro oko. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí èèyàn ní láti sọ. Irin náà yóò ṣe é lójú gbogbo ènìyàn, èmi yóò sì dákẹ́.

Ṣùgbọ́n n kò ní òòfà. Òòfà kan ṣoṣo tó wà nílé-ẹ̀kọ́, ti àwọn kíláàsì karùn-ún ni. Ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó ló sọ fún mi pé òòfà máa ń wà nínú rédíò, ní ìdí ibi tí ohùn ti ń jáde.

Mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Rédíò bàbá mi kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti kú. Mo gbà lọ́kàn mi pé òun náà ti kú. Ta ni yóò wá òkú rédíò? Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìyá mi lọ ta iṣu ní ọjà Ìlọ́fà, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ọ̀bẹ tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo gé wáyà méjì, mo sì yọ ibi tí ohùn ti ń jáde. Mo ya bébà dúdú tó wà níwájú ibi ohùn náà kúrò, ó sì ku irin róbótó kan. Mo gbé e sún mọ́ ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ náà fò mọ́ ọn. Mo ti bébà dúdú náà bọ abẹ́ ẹní mi, mo dé ẹ̀yìn rédíò padà, mo fi aṣọ funfun bò ó bí ó ti wà.

Ó ku èérún irin. Láràárọ̀ ni àbúrò bàbá mi máa ń jókòó sórí òkúta ní ẹ̀yìnkùlé, tí yóò máa fi fáìlì pọ́n àdá kó tó gba ọ̀nà oko lọ. Mo lọ tẹ́ bébà sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ìdọ̀tí irin ṣe, ìyá mi?" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pe èmi ọmọbìnrin.

"Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni, Bàbá."

"Èmi náà ti wá di tíṣà nìyẹn!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pọ́n àdá náà kọjá bó ṣe yẹ. Láti ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ́ bébà náà. Yóò ká a jọ, yóò sì fi í sẹ́nu ọ̀nà fún mi.

Ọdún yí po, wọ́n pín ohun bàbá mi. Rédíò bọ́ sí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ yìí, nítorí òun ni wọ́n jọ máa ń gbọ́ ìròyìn nírọ̀lẹ́. Ó fi bátìrì tuntun sí i. Kò fọhùn. Ó gbé e lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Odò-Ọwà nínú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ ìgbà òjò. Nígbà tó padà dé, kò bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá wa.

"Ìyàwó, ta lo fún ní òòfà rédíò ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ọkọ mi, n kò mọ ohun tó ń jẹ́ òòfà."

"Ẹnì kan ti gé e kúrò. Yàrá ta ló wà láti ọdún kan?"

"Yàrá mi ni. Ṣùgbọ́n kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ láti..."

"Bátìrì ló tán! Ṣebí nítorí kí ọdún lè yí po ni a kò ṣe fi òmíràn sí i?"

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Ìgbà yẹn ló yé mi pé rédíò náà kò kú. Ó ń dúró ni, bí àdá àti bàtà ṣe ń dúró. Èmi ni mo pa á.

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. Àbúrò bàbá mi obìnrin dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹni tó lè tú ẹrù òkú kó tó pé ọdún, kí ni kò ní tú?" Láti ọjọ́ náà, wọn kò pe ìyá mi sí ìdí oúnjẹ mọ́ nínú agbo ilé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ọ̀la ni n óò jẹ́wọ́. Bí ọ̀la bá dé, n óò gbé àpò ìwé mi, n óò gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ.

Ọjọ́ àfihàn pé. Àbúrò bàbá mi wá pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó dára jù. Ìyá mi wá lẹ́yìn, ó dúró sí ẹ̀bá ògiri. Mo wọ́n èérún irin, mo kan bébà, wọ́n sì dìde, wọ́n yí òòfà náà ká. Àwọn èèyàn ní, "Háà!"

"Níbo lo ti rí èérún irin?" olùkọ́ bi mí.

"Lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Láti ara àdá rẹ̀ ni."

"Èmi nìyí o!" ó ké, ó sì nàró. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Òòfà ńkọ́?"

Mo ti sọ fún olùkọ́ tẹ́lẹ̀ pé orí ààtàn ni mo ti rí i. Mo fẹ́ tún un sọ bẹ́ẹ̀. Mo wo ògiri tí ìyá mi fara tì. Kò wò mí. Ó ń wo ilẹ̀, bí ó ti ń wò ó láti ọjọ́ wọnnì.

"Inú rédíò bàbá mi ni," mo ní. Ohùn mi kéré. Olùkọ́ ní kí n sọ ọ́ sókè. Mo sọ ọ́ sókè. "Èmi ni mo tú u. Ìyá mi kò mọ̀."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá mi sún mọ́ tábìlì, ó gbé bébà kúrò, èérún irin sì dà sílẹ̀. Ó mú òòfà náà, ó yí i wò lọ́wọ́. Ó lọ síbi ìyá mi, ó ṣí fìlà.

"Ìyàwó, mo jẹ̀bi rẹ," ó ní. Ó fi òòfà sápò, ó sì jáde.

Lójú ọ̀nà ilé, ìyá mi ru àga tí a gbé wá. Nígbà tí a fẹ́ẹ̀ dé ilé, ó ní,

"Mo rí bébà dúdú yẹn lábẹ́ ẹní rẹ, ní ọjọ́ kejì sí ọjọ́ tí wọ́n bi mí léèrè òòfà."

"Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Bí mo bá sọ, ta ni yóò rán ọ lọ sílé-ẹ̀kọ́?"

N kò padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún tó tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé nítorí èyí ni. Wọ́n kàn ní kí n bá ìyá mi lọ sí oko.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àfihàn, mo gbọ́ ìró fáìlì ní ẹ̀yìnkùlé. Mo jáde, mo kí àbúrò bàbá mi, ó dáhùn. Kò sí bébà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èérún irin ń bọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo mú ìgbálẹ̀, mo sì gbá wọn mọ́ ìdọ̀tí yòókù.