Ohùn Kẹrin Nínú Orin Ọ̀gá Ìkẹyìn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ géèmù kankan kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa láì jẹ́ pé ó gbọ́ orin ọ̀gá ìkẹyìn nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ló ń tún ṣe, àwọn tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, tí àwọn èèyàn inú wọn rí bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ. Tó bá ti tún ọ̀kan ṣe tán, á gbé páàdì, á ta géèmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá tó le jù, èyí tó jókòó sí ìparí. Àwọn oníbàárà a máa rò pé eré ló ń ṣe. Èmi tí mo ń rán síìpù báàgì nídìí ilẹ̀kùn yàrá kan náà, mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi: àgbàlagbà ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, tó ń yọ ahọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu nítorí ẹranko tó ń tu iná nínú tẹlifíṣọ̀n!

Àmọ́ ó nídìí. Ohùn mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ní ìyókù géèmù, ọ̀kan lè máa sinmi kí èèyàn má fura. Tí ilẹ̀kùn ọ̀gá ìkẹyìn bá ṣí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dìde. Bí ọ̀kan bá ti kú, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ á ti tú.

Orin yẹn ò dáa fún aláyà jíjá. Ohùn tó wúwo á kọ́kọ́ máa bọ̀, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ìlù á tẹ̀lé e. Ìkẹta á bẹ́ sáré, kò ní dúró mí. Lórí gbogbo wọn, ohùn kẹrin á wá han tín-ínrín, bíi kẹ́tùlù tó ti hó. Ọ̀tá náà ò tíì gbéra, àyà rẹ ti ń lù kìkìkì. Olùkọ́ àgbà kan wà, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń dúró gbọ́ ọ pẹ̀lú báàgì lápá. "Ẹ má tíì pa á," á ní. "Ọwọ́ mi ti tutù o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á." Ó sọ fún wa pé ẹ̀rù a máa dùn tí èèyàn bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá a, tó sì mọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á. Ó dùn mọ́ èmi náà. Mi ò kàn gbà fún wọn ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, orin náà ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi bá pòṣé. "Ohùn kẹrin ti kú."

Mo gbójú sókè. Ohùn kẹrin ń gún mi létí bó ṣe máa ń ṣe.

Ó tú ẹ̀rọ náà, ó yọ páàtì dúdú kékeré tó ń gbé ohùn jáde, ó fi òmíràn sí i, ó sì tún ta géèmù dé ìparí. Ó ní kò sí àyípadà. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ó ti yọ páàtì tó dára nínú ẹ̀rọ mẹ́ta, ó sì ń ṣépè fún ẹni tó ta páàtì fún un. Gbogbo ìgbà yẹn ni ohùn náà ń dún ketekete. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ẹ má bínú sí mi. Tàbí kẹ́ ẹ bínú, mo jẹ̀bi. Ẹ̀rù ló bà mí. Bàbá wa, káfíńtà, bí etí wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di nìyẹn. Àwọn ohùn tín-ínrín ló kọ́kọ́ lọ, ti aago, ti ẹyẹ, lẹ́yìn náà ti àwa ọmọ. Nígbẹ̀yìn, ẹnu wa ni wọ́n máa ń wò nídìí tábìlì. Tá a bá rẹ́rìn-ín, àwọn náà á rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Lójú mi, tí mo bá la ẹnu, ó máa dà bíi pé èmi ni mo gbé àìsàn náà lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Mo tẹjú mọ́ síìpù.

Ní Ọjọ́bọ̀, olùkọ́ àgbà gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló há. Páàtì ohùn irú ẹ̀rọ yẹn ò sí níbì kankan mọ́. Bí èyí tó wà nínú rẹ̀ bá fi lè fọ́, ó parí. Ẹ̀gbọ́n mi tún bọ́tìnì ṣe, ó ta géèmù dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ìkẹyìn, ó sì mi orí. "Tiwọn náà ti kú." Ó so irin tó fi ń yọ́ òjé mọ́ iná.

Mo rí èéfín lẹ́nu irin náà. Mo rí i tó ń sún mọ́ páàtì yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má yọ ọ́."

"Kí ló dé?"

"Ó ń dún."

"Kí ló ń dún?"

"Ohùn kẹrin. Kò kú. Ti àwọn mẹ́ta yẹn náà ò kú."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan. "O ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ Ajé?"

"Mo ti ń gbọ́ ọ, mà."

"O gbọ́ ọ, o jókòó síbẹ̀ yẹn, o wá jẹ́ kí n máa tú nǹkan onínǹkan palẹ̀ bíi wèrè?"

Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún, mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ì bá sàn kó gbá mi. Ṣe ló yọ irin náà kúrò lára iná, tó ní kí n wá jókòó ti òun níwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Tí ohùn kẹrin bá wọlé, na ọwọ́ sókè," ó ní. "Tó bá dákẹ́, kó o gbé e wálẹ̀."

Ilẹ̀kùn ọ̀gá ìkẹyìn ṣí. Ohùn tó wúwo bẹ̀rẹ̀, ìlù tẹ̀lé e, ìkẹta bẹ́ sáré. Nígbà tí ohùn kẹrin wọlé, mo na ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi ò wo ọ̀tá náà rárá. Èmi ló ń wò, àwọn àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń tẹ páàdì fúnra wọn. Mo ní kí n rẹ́rìn-ín sí i kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ẹnu mi kọ̀.

"Ìkẹta ńkọ́?" ó bi mí. "Òun ò tíì wọlé?"

Ó ti ń sáré tipẹ́. Mo na ọwọ́ òsì náà sókè.