Ìwé Adìyẹ àti Ìyàwó Tó Sá Lọ sí Ìsarà

Apá kan gíláàsì ojú mi dá láàárọ̀ yìí. Mo fi òwú dúdú so ó mọ́ etí, àmọ́ bí mo bá ti wolẹ̀ báyìí, á yọ̀ wá sórí ètè mi, bí ẹni tó fẹ́ bá mi mu ẹ̀kọ. Mo bínú títí. Ìyàwó mi ní kí n lọ ra òmíràn. Mo ní apá ló dá, kì í ṣe ojú. Ó ní, "Ta ló sọ pé ojú ni?" Bí a ṣe ń gbé nínú ilé yìí nìyẹn.

Gíláàsì náà kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ìwé kíkà tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin kó mi sí. Ó kó ẹbí àti ará àdúgbò jọ sórí fóònù. Ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, kálukú gbọ́dọ̀ ka nǹkan kan lójoojúmọ́, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi han àwọn yòókù. Ṣálẹ́ńjì ló ń pè é. Èmi rò pé ẹni tó fẹ́ ja ẹ̀ṣẹ́ nìkan ló ń ṣe ṣálẹ́ńjì.

Mo ṣe é ṣá. Lọ́jọ́ kìíní, mo ka ara páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Lọ́jọ́ kejì, mo ka ògiri kan ládùúgbò wa, "Ilé yìí kì í ṣe títà." Lọ́jọ́ kẹta, mo padà lọ ka èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, "Má tọ̀ síbí." Ọmọ-ọmọ mi pè mí, ó ní, "Bàbá àgbà, ìwé là ń kà o, kì í ṣe ògiri." Mo ní ẹni tó kọ ọ́ kò kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má kà á. Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ jókòó sí ẹ̀bá títì níbi tí àwọn tírélà ti ń yà, mo ka ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó kàwé tó mi lọ́jọ́ náà.

Gbogbo wọn ń kọ "Káre, Bàbá" sí mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò kọ nǹkan kan rí. Màmá kan ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkẹ́nnẹ́ ló ń gbé. Òun ló kọ́ ọmọ-ọmọ mi níwèé ní pírámárì, ìyẹn lọmọ náà ṣe fi wọ́n kún wa. Wọ́n ń wo àwọn ògiri mi, wọn ò fọhùn. Mo sì mọ ohun tó fà á. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ ọ́ fún yín.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń pè ní gíláàsì ojú wà láyé, ìsọ̀ obì ni ìyá mi àgbà ní, ní Ṣàgámù níbí. Obì gbàǹja ni. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú pódi rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kí èèpo funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á bó o, wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, wọ́n á wá tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé sí, títí ọkọ̀ lọ́rí tó ń lọ Òkè Ọya fi máa dé. Obìnrin mẹ́jọ ló ń bá ìyá mi àgbà bó obì. Iṣẹ́ tí ń súni ni. Bí o bá bó obì láàárọ̀ títí di ọ̀sán, wàá máa bó o lójú àlá.

Mo wà ní pírámárì tíírì nígbà náà. Ẹ má bi mí bóyá mo mọ̀wé. Ní kíláàsì wa, gbogbo wa la jọ ń kàwé lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń kọrin. Tíṣà á na igi sí pátákó, a ó sì ké. Èmi á tẹ́tí sí ọmọ tó wà lápá ọ̀tún mi, n óò wá sọ tèmi tẹ̀ lé e kíákíá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kàwé lẹ́nu ọmọ yẹn. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ ò bá yá, èmi náà á ṣàìsàn.

Èmi rò pé ìyá mi àgbà kò mọ èyí. Mo gbà pé lójú tirẹ̀, ọmọ tó bá ti ń wọ kakí lọ síléèwé ti mọ̀wé tán. Lọ́jọ́ kan, ó yọ ìwé pẹlẹbẹ kan nínú ẹrù rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́ ló ń pín in lọ́jà. Kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, àmọ́ ìwé ni, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi di àkàrà. Ó ní, "Ọkọ mi, jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ yìí, kà á fún wa. Iṣẹ́ yìí ti sú wa."

Mo ṣí i. Adìyẹ ló wà lójú ewé kìíní. Lójú ewé kejì, ọkùnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ dání. Lójú ewé kẹta, obìnrin kan kẹ̀yìn sí wa, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ wọn, mo mọ̀ pé lẹ́tà ni, bí èèyàn ṣe ń mọ èèrà láìmọ ibi tó ń lọ. Mo bá wúkọ́ bíi ti tíṣà wa, mo ní, "Ọkùnrin kan wà, ó pa adìyẹ ìyàwó rẹ̀ jẹ láìtọrọ. Inú bí ìyàwó, ó gbé igbá rẹ̀, ó sá lọ sí Ìsarà."

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ìsarà? Ìsarà ni ibi tó jìnnà jù tí mo tíì dé nígbà náà.

Obìnrin kan fi obì tó ń bó lu itan. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ó káre! Adìyẹ ta ló fẹ́ máa jẹ?"

Èkejì ní, "Yé pariwo, jẹ́ kọ́mọ ó kàwé. Ọmọ mi, ta ló bá ní Ìsarà?"

Bí mo ṣe wọ gàù nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé kíkà di ara iṣẹ́ wa. Òfin wọn ni pé n kò gbọdọ̀ ṣí ewé títí apẹ̀rẹ̀ kan á fi kún. Ojú ewé kan, apẹ̀rẹ̀ kan. Bí mo bá dákẹ́, ọwọ́ á dúró, bí mo bá ń sọ ọ́, ọwọ́ á máa yá. Bí ìwé bá tán, n óò padà síbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Obì pọ̀ lọ́dún náà, ìyàwó ọ̀hún sì jìyà gan-an ní Ìsarà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa ní àbúrò níbẹ̀. Ó lọ kí i lọ́jọ́ ọjà, ó sì bèèrè ìyàwó kan tó gbé igbá wá láti Ṣàgámù. Ó padà wá sọ fún wa pé wọ́n ní mẹ́ta ló dé, àwọn ò mọ èwo ló ń wí.

Ìsọ̀ obì mìíràn wà lódìkejì ọ̀nà. Àwọn náà ní akàwé tiwọn, ọmọbìnrin kan tó wà ní pírámárì fáìfù, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ni ìsọ̀ náà. Òun mọ̀wé lóòótọ́. Ó máa ń fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á kà á, á dúró, á ka èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin tiwa á máa ké sí wọn lódìkejì pé, "Ọmọ tiyín ń kàwé bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun! Ẹ wá gbọ́ tiwa, kì í tilẹ̀ wo ìwé!"

Ọ̀rọ̀ di ìfagagbága. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí lọ́rí bá dé, kí àwọn ọmọ méjèèjì kàwé lójú gbogbo èèyàn. Ìsọ̀ tí ọmọ wọn bá fìdí rẹmi ló máa bá èkejì ru apẹ̀rẹ̀ sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó ru tiwọn. Ọkàn mi balẹ̀. Ìtàn mi ni n óò sọ, kí ló fẹ́ ṣe mí?

Ọjọ́ pé. Ọmọbìnrin náà dìde, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ká pààrọ̀ ìwé. Kí n ka tirẹ̀, kó ka tèmi."

Gbogbo wọn ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó gba ìwé mi, ó fi ìka sí i, ó kà á jáde ketekete, "Omi tí adìyẹ ń mu gbọ́dọ̀ mọ́. Ẹ máa fọ abọ́ rẹ̀ ní àràárọ̀."

Obìnrin tó lọ sí Ìsarà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí lọmọ yìí ń wí? Ìyàwó tó sá lọ sí Ìsarà ńkọ́?"

Ó ní, "Mà, kò sí níbí. Adìyẹ ni wọ́n kọ."

"Kò sí níbẹ̀ kẹ̀? Ìwé tí a ti ń gbọ́ láti oṣù méjì!"

Ó tún un kà. Wọ́n pòṣé. Àwọn ará ìsọ̀ tirẹ̀ pàápàá dorí kodò. Wọ́n ní kí n ka tèmi. Mo ṣí ìwé rẹ̀, mo rí àwòrán ọmọ kan pẹ̀lú ajá. Ẹ̀yin èèyàn mi, òjò ì bá tilẹ̀ rọ̀ kó fọ́n wa ká! Nígbà tí kò rọ̀, mo wúkọ́, mo ní, "Nígbà tí ìyàwó náà dé Ìsarà, ajá ló kọ́kọ́ yọ sí i."

Ariwo sọ. Wọ́n gbé mi sókè. Ìyá kan ń pariwo pé, "Ẹ ò rí i! Inú gbogbo ìwé ló wà!"

Wọ́n fún mi ní àkàrà. Mo jẹ ẹ́. Ibi tí mo ti ń jẹ ẹ́ ni mo ti gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọbìnrin náà ń sọ fún un, "Ọdún márùn-ún! O ò lè ka ìwé tí ọmọ tíírì ń kà! Owó iléèwé parí nìyẹn. Láti ọjọ́ Ajé, obì ni wàá máa bó." Ọmọ náà kò ké. Ó pa ìwé mi dé, ó gbọn èèpo obì ara ìwé náà nù, ó gbé e wá fún mi. Ó wò mí. Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ká ní ó gbá mi ni, ì bá sàn.

Èrò ọ̀hún kò jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́jọ́ kejì, kí ìyá mi àgbà tó dé láti ibi tó lọ, mo ti ń sunkún dè é. Mo jẹ́wọ́ pé n kò mọ̀wé, pé ọmọ yẹn ló kà á bó ṣe wà, pé wọ́n máa yọ ọ́ kúrò níléèwé nítorí mi.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Ṣé mo fọ́jú ni? Ìwé tó jẹ́ pé adìyẹ ló kún inú rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ìtàn rẹ ni mo fẹ́, obì ń bó." Bẹ́ẹ̀ ló ró aṣọ rẹ̀, ó lọ sí òdìkejì ọ̀nà. N kò mọ ohun tó bá ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ náà sọ. Lọ́jọ́ Ajé, mo rí ọmọbìnrin náà tó ń kọjá, ó wọ aṣọ iléèwé. Èémí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jáde nínú mi. Àmọ́ ìyá mi àgbà kìlọ̀ fún mi, ó ní, "Má sọ fún àwọn obìnrin mi o. Obì ṣì kù."

N kò sì sọ. Gbogbo wọn lọ sọ́run pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ yẹn kò mọ̀wé.

Ẹ wá wo ayé. Èmi tí mo borí fi iléèwé sílẹ̀ ní pírámárì fóò, mo di olóbì. Ẹ̀yìn lọ́rí ni mo ti padà kọ́ ìwé kíkà, bí mo ṣe ń dúró kí wọ́n kẹ́rù tán. Ẹni tí wọ́n pòṣé sí ló di tíṣà, àwọn ni Màmá Ìkẹ́nnẹ́ yìí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, "Ẹ káàárọ̀, mà" àti "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà" nìkan ni mo ń bá wọn sọ. Wọ́n fi ọdún méjì jù mí lọ. Ìtìjú fi ogójì lé e.

Lónìí ni ọgbọ̀n ọjọ́ wa pé. Ọmọ-ọmọ mi ní kí kálukú ka odindi ojú ewé kan sókè, kó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Mo lọ ṣí àpótí ìyá mi àgbà. Ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, ikán ti jẹ orí adìyẹ. Mo gbé gíláàsì olówùú mi wọ̀, mo tẹ fóònù, mo ní:

"Ìwé tí mo purọ́ kà nígbà tí mo wà lọ́mọdé nìyí. Ẹni tó kà á bó ṣe wà wà láàárín wa níbí, àwọn èèyàn sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí mi. Màmá ló borí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ dárí jì mí, mà."

Mo wá fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo kà á. Omi tí adìyẹ ń mu gbọ́dọ̀ mọ́. Gíláàsì yọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìyàwó mi bomi gbígbóná, ó mu tíì rẹ̀ tán, mo ṣì wà lójú ewé ọ̀hún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ìwé yẹn nìyí láyé mi, ìwé gidi sì ni. Ká ní mo ti kà á nígbà náà, bóyá adìyẹ ni ǹ bá máa tà.

Ayé ti yí. Nígbà náà, èèyàn mẹ́sàn-án ló ń pín ìwé kan àti òpùrọ́ kan lò, gbogbo wọn sì jọ ń bínú sí ọkọ kan náà. Lónìí, kálukú ló ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, ó dorí kodò sí i, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí ìyàwó wọlé sí. N kò sọ pé tàná dára jù. Ẹni tó purọ́ gba àkàrà kò yẹ kó máa yin àná.

Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni fóònù dún. Ohùn Màmá Ìkẹ́nnẹ́ ni. Wọ́n fọhùn bíi tíṣà tó ń wo iṣẹ́ ọmọ. Wọ́n ní, "Mo gbọ́. O gbìyànjú. Ṣùgbọ́n, ìwọ ọmọkùnrin yìí, ìyàwó tó sá lọ sí Ìsarà ńkọ́? Ṣé kò ní wálé ni?"