Fìlà Lórí Ọ̀pá Jíà

Mo rántí ìgbà tí mo fi Èrúwà sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìgbòkun kan lórí ọ̀sà Èkó, èmi tí odò tó jìn jù lọ tí mo mọ̀ kò ju orúnkún lọ. Torí ẹ́ńjìnnì ni ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ṣe gbà mí. Nílé ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún àwọn onígàrí ni mo ti kọ́ ọ. Lójú tèmi nígbà náà, ẹ́ńjìnnì kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ti inú ọkọ̀ kàn ń rí omi ju tiwa lọ ni.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé bí a bá pa ẹ́ńjìnnì, tí a ta ìgbòkun, tí atẹ́gùn ń gbé wa lọ, abẹ̀bẹ̀ irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kì í sinmi. Omi á máa yí i, òun náà á máa yí ṣáàfù, irin gbọọrọ tó so ó mọ́ jíà. Ọ̀gá ní jíà náà kì í rí ọ́ìlì mu bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, pé díẹ̀díẹ̀ ni irin rẹ̀ yóò máa jẹ tán. Nígbà tí atẹ́gùn rọlẹ̀ díẹ̀, mo wọ ìsàlẹ̀, mo so ṣáàfù mọ́lẹ̀ bí ẹni so àgbò iléyá. Ó dákẹ́. Mo wá gòkè, mo bọ́ fìlà mi, mo fi kọ́ ọ̀pá jíà.

Ọ̀gá wò ó. "Àbí ọkọ̀ mi ti di ìkọ́ fìlà ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Okùn wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ sí jíà báyìí, gbogbo ẹ̀ á fọ́."

Àṣà ilé ẹ̀rọ wa ni. Ẹni tó bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ á fi fìlà rẹ̀ kọ́ irin tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì kó tó dún, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bàbá mi a máa sọ pé, "Ẹni tó gbé fìlà kọ́ ló ń gbé e sọ̀." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, atẹ́gùn dédé kú. Omi ń gbé wa lọ tààrà síbi ọkọ̀ ńlá kan tó ń wa yanrìn. Ọ̀gá tan ẹ́ńjìnnì, ó nawọ́ sí jíà, ó bá fìlà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Wá mú fìlà ẹ o!"

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kókó àgbò kò ṣe é tú, bó ṣe ń fà ló ń le sí i. Mo fi ọ̀bẹ gé okùn, mo sáré gòkè, mo mú fìlà. Nígbà tí a fi yí kúrò, ó ku díẹ̀ kí n nawọ́ kan ọkọ̀ yanrìn náà. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè," ó ní. Láti ọjọ́ náà, bí òun náà bá so ṣáàfù, fìlà tirẹ̀ ló ń gbé kọ́.

Mo ti padà sí Èrúwà báyìí. Nígbà tí bàbá mi kú, ọ̀gá wá kí mi, mo sì mú un wọ ilé ẹ̀rọ. Bàbá ń tún ẹ̀rọ náà ṣe lọ́wọ́ ni ara rẹ̀ kò yá, ó jáde lọ sinmi, kò padà wọlé mọ́. Fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí irin. Àwọn onígàrí ti ń gbé ẹ̀gẹ́ wọn lọ sí Lanlate.

"O ò tíì mú un?" ọ̀gá bi mí.

"Èmi kọ́ ni mo gbé e kọ́, sà."

Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà tirẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, àwa méjèèjì sì jókòó síbẹ̀.